Ǹjẹ́ Ọ̀dàlẹ̀ ni Ẹni tí Ó Fi Ẹgbẹ́ Rẹ̀ Sílẹ̀?

Àwọn àgbà a máa sọ pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, àti pé ẹnì kan kì í jẹ́ àwá dé. Àwọn àgbà kan náà ni ó sì ń gbàdúrà pé ibi tí orí bá ń gbé àwọn rè, kí ẹsẹ̀ máa sìn wọ́n lọ. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú ń kọ́ni ní àjùmọ̀ṣe. Àdúrà ìkẹyìn ń rán ni létí pé olúkúlùkù ni ó ní ìpín tirẹ̀. Nígbà tí àjùmọ̀ṣe àti ìpín bá wá forí gbárí, èwo ni kí ó yẹ̀ fún èkejì? Ìbéèrè yìí ti pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n ibi kan wà tí ó ti hàn gbangba lóde òní: òun ni eré bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n láàárín àwọn yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Láti ìgbà tí James Naismith ti dá eré yìí sílẹ̀ ní ìlú Springfield ní ọdún 1891, inú ilé-ìwé ni ó ti gbilẹ̀. Àjọ tí a ń pè ní NCAA ni ó ń ṣe àkóso ìdíje tí ó lókìkí jù lọ láàárín àwọn yunifásítì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin àjọ náà le koko: akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi ikọ̀ kan sílẹ̀ lọ sí òmíràn gbọ́dọ̀ jókòó fún odidi ọdún kan kí ó tó tún lè kópa nínú ìdíje. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, àjọ náà ṣí ìwé orúkọ kan tí ẹni tí ó bá fẹ́ lọ yóò fi orúkọ sí, kí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ibòmíràn lè rí i. Ní ọdún 2021, wọ́n gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ lẹ́ẹ̀kan láìjókòó. Ní oṣù keje ọdún náà, wọ́n tún gbà kí ó máa gba owó lórí orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní ìpínlẹ̀ West Virginia dá òfin ìjókòó dúró fún àwọn tí ó lọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbà tí ó di ọdún 2024, àjọ náà fúnra rẹ̀ gbà kí wọ́n máa lọ iye ìgbà tí ó bá wù wọ́n, bí ẹ̀kọ́ wọn bá ṣáà ti ń lọ déédéé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025 ni adájọ́ fi ọwọ́ sí àdéhùn tí ó fún àwọn yunifásítì láyè láti san owó fún eléré ìdárayá wọn tààrà. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn tí a tì pa fún ìgbà pípẹ́ ṣe ṣí gbayawu.

Ẹjọ́ àwọn tí inú wọn kò dùn sí àyípadà yìí kì í ṣe ẹjọ́ ẹ̀bi pátápátá. Ní ọdún 2022, Saint Peter's, ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan ní ìlú Jersey City, ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí. Ipò kẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi í sí ní ìsọ̀rí tirẹ̀, síbẹ̀ ó lu Kentucky, ó lu Murray State, ó lu Purdue, ó sì di ikọ̀ àkọ́kọ́ láti irú ipò bẹ́ẹ̀ tí yóò wà lára mẹ́jọ tí ó kù nínú ìdíje. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó kọjá, Shaheen Holloway tí ó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ti gba Seton Hall lọ, púpọ̀ nínú àwọn ògbóǹtarìgì ikọ̀ náà sì ti fọ́n ká. Ẹni tí ó ń kọrin ìyìn wọn kò tíì dákẹ́ tí àwọn tí à ń yìn kò fi sí nílé mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ṣe ń di oko ìgbìn fún ilé-ẹ̀kọ́ ńlá: ẹnì kan ń tọ́jú ègé iṣu, ẹlòmíràn ń wa iṣu tà. Kò sì tán síbẹ̀. Eré yìí fẹ́ kí ènìyàn márùn-ún mọ ojú ara wọn, kí èkíní mọ ibi tí èkejì yóò yà sí kí ó tó yà. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í wá lóòjọ́. Ọmọdé tí ó ti fi ọdún méjì jókòó sórí àga, tí ó ń retí kí àyè ẹ̀gbọ́n kan ṣófo, a kàn rí i pé àlejò kan ti dé láti ibòmíràn gba àyè náà. Bí a bá fi ojú àáró wò ó, ọ̀rọ̀ náà dunni. Ẹni tí ẹgbẹ́ ti bá ro oko rẹ̀, tí ó wá ká aṣọ rẹ̀ nígbà tí ó kan oko ẹlòmíràn, kò sí ẹni tí yóò pè é ní ọmọlúàbí.

Àmọ́ ṣá, agbẹjọ́rò apá kejì kò ní í ṣàìbi wá léèrè pé: ta ni ó kọ́kọ́ fi oko sílẹ̀? Ní Saint Peter's, akọ́nimọ̀ọ́gbá ni ó ṣáájú, àwọn ọmọ ni ó tẹ̀lé. Walter Clayton ń gbá bọ́ọ̀lù ní Iona lábẹ́ Rick Pitino. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Pitino fi Iona sílẹ̀ lọ sí St. John's. Ọdún náà ni Clayton lọ sí Florida, ní oṣù kẹrin ọdún 2025 sì ni Florida fi àmì-ayò 65 sí 63 borí Houston gba ife-ẹ̀yẹ, tí wọ́n sì dá Clayton lọ́lá gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ta yọ jù lọ. Ṣé Clayton ni ọ̀dàlẹ̀ ni? Ní gbogbo ọdún tí òfin ìjókòó fi wà, kò sí òfin tí ó ní kí akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó bá ṣí kúrò jókòó, ìbáà ṣe fún ọjọ́ kan. Bẹ́ẹ̀ sì ni, láti ọdún 1973 títí di nǹkan bí ọdún 2012, àdéhùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí a ń fún eléré ìdárayá kì í ju ọdún kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé-ẹ̀kọ́ lè kọ̀ láti tún un ṣe. Ọmọ ni kò lè lọ láìjìyà. Àdéhùn tí ó de ẹnì kan tí ó tú ẹnì kejì sílẹ̀, àdéhùn ìwọ̀fà ni, kì í ṣe ti ẹgbẹ́.

Àwọn kan yóò tọ́ka sí ayé àtijọ́. Hakeem Ọlájùwọ́n, ọmọ tí a bí ní Èkó, gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì Houston láti ọdún 1981 dé 1984, ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sì wà lára ikọ̀ mẹ́rin tí ó kù nínú ìdíje. Wọn yóò ní, ẹ wo ohun tí ìdúróṣinṣin ń mú wá. Òótọ́ ni pé ikọ̀ náà dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1984, nígbà tí ó ṣì ku ọdún kan tí ó lè lò, Ọlájùwọ́n gba ọ̀nà eré olówó lọ, kò sì sí ẹni tí ó pè é ní aláìmoore. Ó yẹ kí èyí mú wa ronú. Lílọ kọ́ ni ayé àtijọ́ kà sí ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí wọ́n kà sí ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ọmọ lọ sí ọ̀dọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn tí ó jẹ́ orogún tiwọn. Ire àwọn tí ó ni ikọ̀ ni òfin náà ń ṣọ́, kì í ṣe ìwà ọmọ.

Níbi yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Ìdúróṣinṣin ẹni tí a so mọ́lẹ̀ kò tíì di ìwà, nítorí pé okùn ni ó dá a dúró. Ìgbà tí a bá tú okùn tán ni a tó mọ ẹni tí ó dúró nítorí ìfẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Fairleigh Dickinson tí ó wà ní ipò kẹrìndínlógún lu Purdue, ìtìjú ńlá ni. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún Zach Edey, ẹni tí wọ́n ti yàn ní agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ láàárín àwọn yunifásítì ní ọdún náà. Kò lọ sí yunifásítì mìíràn. Ó padà sí Purdue, ó sì bá wọn dé àṣekágbá ìdíje ní ọdún 2024, níbi tí Connecticut ti fi 75 sí 60 borí wọn. Kò gba ife náà, ṣùgbọ́n nítorí pé ó lè lọ ni a fi lè yìn ín pé kò lọ.

Ǹjẹ́ èyí wá túmọ̀ sí pé kò sí ẹ̀bi fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lọ? Rárá o. Ohun tí òfin gbà láyè kọ́ ni gbogbo ohun tí ó yẹ ọmọlúàbí. Ẹni tí ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Dúró, a ó jọ padà wá," tí ó sì ti ń bá ibòmíràn dúnàá-dúrà ní kọ̀rọ̀, ó dalẹ̀, bí òfin tilẹ̀ dá a láre. Ẹni tí ó sọ òótọ́, tí ó parí ohun tí ó ṣe ìlérí, tí ó dúpẹ́, tí ó sì lọ, kò dalẹ̀. Kì í ṣe lílọ ni a ó gbé sórí òṣùwọ̀n, bí kò ṣe ìlérí tí ó wà nílẹ̀, ẹni tí ó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́, àti ẹni tí a di ẹrù rẹ̀ lé lórí.

Ti ẹrù yìí kò ṣeé gbójú fò. Òmìnira tí ó ṣe Clayton lóore ni ó ṣófo ilé Saint Peter's, ọmọ tí ó jókòó sórí àga kò sì dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ṣùgbọ́n àtúnṣe rẹ̀ kọ́ ni kí a tún padà de ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù lọ. Nísinsìnyí tí owó ti wọ ọ̀rọ̀, tí ìwé àdéhùn sì lè wà, kí àdéhùn de tọ̀tún tòsì: bí a bá ní kí ọmọ dúró ọdún méjì, kí akọ́nimọ̀ọ́gbá náà dúró ọdún méjì, kí ẹni tí ó bá sì kọ́kọ́ lọ san nǹkan fún ilé tí ó fi sílẹ̀. Títí di ìgbà tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ pe ọmọ ogún ọdún ní ọ̀dàlẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn, bóyá yóò rí àgbàlagbà tí ó ti ṣáájú ọmọ náà gba ẹnu ọ̀nà jáde.