Ohun Tí Kò Burú Tó sì Dí Ọ̀nà

Bí dókítà bá ní kókó tó wà nínú ẹ̀dọ̀ ẹni wa kì í ṣe jẹjẹrẹ, a ó mí kanlẹ̀, a ó dúpẹ́. Bí ó bá fi kún un pé ó yẹ kí wọ́n gé e, a ó bínú: ohun tí kì í pani, kí ló dé tí a ó fi gbé abẹ lé e?

Ìbéèrè gidi ni. Ọ̀pọ̀ irú kókó bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ ìtọ́jú rárá. Ṣùgbọ́n nǹkan bíi lítà ẹ̀jẹ̀ kan àti ààbọ̀ ní í gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí kókó bá tóbi tó sì tẹ iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde, ẹ̀dọ̀ lè wú, omi sì lè kún inú. Kókó náà kò ṣìkà. Ibi tó jókòó sí ló ń pani lára. Ìwà rere nìkan kò tó láti dá ohun kan láre.

Síbẹ̀, abẹ náà léwu. Òótọ́ ni pé James Hogarth Pringle ti Glasgow ti kọ̀wé ní 1908 lórí bí a ṣe lè fún iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀ pọ̀ fúngbà díẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya. Ẹ̀dọ̀ tó yè kooro sì máa ń dàgbà padà.

Lójú tiwa, ẹni tó ni ara ni yóò sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Kí àwa ẹbí bá a rò ó. Kí a má ṣe rò ó fún un.