Purọ́ n Níyì

"Purọ́ n níyì, ẹ̀tẹ́ ní í mú wá." Ní Òmù-Àrán àti Ẹsìẹ́ nílẹ̀ Ìgbómìnà, bí i ti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ọmọdé tó ń fi ohun tí kò ní ṣe fáàrí ni a sábà máa ń pa òwe yìí fún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àgbà ni, ọ̀rọ̀ ìlú sì ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lÁbùjá ní 1999 fi í hàn kedere.

Ní oṣù kẹfà ọdún náà, nígbà tí ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé, àwọn aṣòfin yan Salisu Buhari, ọmọ Kánò, ní Abẹnugan Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin. Ó ní Yunifásítì Toronto ní Kánádà lòun ti gboyè, 1963 ni wọ́n sì bí òun. Kò pé oṣù méjì tí ìwé ìròyìn The News fi tú àṣírí náà: Toronto kò fún un ní oyè kankan, 1970 ni wọ́n sì bí i, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún tí òfin ń béèrè nígbà náà. Ó sẹ́ kanlẹ̀. Ó ní wọ́n purọ́ mọ́ òun ni, ó sì fi ilé ẹjọ́ halẹ̀ mọ́ àwọn oníròyìn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan gbèjà rẹ̀. Awuyewuye náà le débi pé aṣòfin kan ṣubú lulẹ̀ nínú ilé náà, ó sì gba ibẹ̀ kú. Ní ọjọ́ 22 oṣù keje, Buhari sunkún níwájú gbogbo wọn, ó jẹ́wọ́, ó tọrọ àforíjì, ó sì fipò sílẹ̀.

Ẹ wo ọgbọ́n inú òwe náà. Kò sọ pé irọ́ kì í mú iyì wá. Buhari kúkú jókòó lórí àga gíga yẹn. Kò sì fi ẹ̀wọ̀n dẹ́rù ba òpùrọ́. Ẹ̀tẹ́ ló dárúkọ, nítorí ohun tí òpùrọ́ ń wá gan-an ni yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní kí Buhari lọ ẹ̀wọ̀n tàbí kó san 2,000 náírà, ó sì san án. Owó yẹn kò tó nǹkan. Ẹkún ojú gbangba ni gbèsè tó wúwo.

Ta ló wá ni iyì? Ẹ lọ wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ẹsìẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ère òkúta tó wà níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún. Púpọ̀ nínú wọn jókòó lórí àpótí, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, irun dídì lórí. Kò sí ọ̀kan tó gbẹ́ ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iyì rí: ọwọ́ ẹlòmíràn ni a ti ń gbà á. Ẹni tó fi irọ́ gbà á ja àwọn tó fún un lólè. Ìdí nìyẹn tí sísẹ́ fi burú ju irọ́ àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tó sẹ́ ti sọ àwọn tó gbà á gbọ́ di ẹlẹ́rìí èké láìmọ̀, ó sì fẹ́ fi orúkọ òpùrọ́ bọ ẹni tó sọ òtítọ́ lọ́rùn.

Ẹnì kan lè ní òwe náà kò ṣẹ. Ní 2000 Ààrẹ Ọbásanjọ́ dárí ji Buhari. Ní 2013 ìjọba Ààrẹ Jonathan fi í sínú ìgbìmọ̀ alákòóso Yunifásítì Nàìjíríà, Nsukka. Ẹni tó purọ́ oyè yunifásítì ni wọ́n ní kó wá bá wọn ṣàkóso yunifásítì! N kò bá ìdáríjì jà. Ẹni tó jẹ́wọ́ yẹ fún àánú. Ní Amẹ́ríkà, Ààrẹ Nixon náà sẹ́ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án títí ó fi kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní 1974. Ford tó rọ́pò rẹ̀ dárí jì í, ṣùgbọ́n Nixon kò tún di ipò ìjọba kankan mú títí tó fi kú. Àánú yàtọ̀ sí oyè.

Ibí yìí ni òwe náà ti kàn wá. Ẹ̀tẹ́ kì í dédé wá; àwọn èèyàn ló ń mú un wá, nípa kíkọ̀ láti bu ọlá fún èké. Nílẹ̀ Ìgbómìnà, ìlú ló ń fini joyè. Nítorí náà, bí àwọn ìjòyè bá fẹ́ fi ẹnì kan joyè, bí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí bá fẹ́ pè é síwájú, bí ẹgbẹ́ òṣèlú bá gbé e wá bá wa, ẹ jẹ́ ká béèrè ibi tó ti kàwé, iṣẹ́ tó ṣe àti ibi tí owó rẹ̀ ti wá, ká tó pàtẹ́wọ́. Ìlú tó mọ̀ọ́mọ̀ fi òpùrọ́ joyè ti bá a ru ẹ̀tẹ́ rẹ̀.