ÀWỌN TÓ NI IṢẸ́ NÁÀ KÒ PARUN

Bíbélì Kíkà: Ẹ́kísódù 35:25-26, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 17:22-28



Plato, ọ̀mọ̀wé ará Áténì ayé àtijọ́, ló sọ ìtàn ìlú ńlá kan tó ń jẹ́ Atlantis, tí òkun bò mọ́lẹ̀. Títí di òní, bí àwọn kan bá rí iṣẹ́ ọgbọ́n àtijọ́, wọn a ní ìran kan tó ti parun ló ṣe é.

Ọ̀rọ̀ náà kan ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀. Ó rí orí idẹ Olókun àti àwọn ère amọ̀. Ẹwà wọn yà á lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò gbà pé baba ńlá àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀ ló ṣe wọ́n. Ó ní ará Atlantis ni! Ní 1938, wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, ni wọ́n bá tún kan ọ̀pọ̀ orí idẹ. Àwọn onímọ̀ yẹ̀ wọ́n wò: láàrin nǹkan bí 1100 sí 1500 ni wọ́n ṣe wọ́n, ọwọ́ ọmọ Ifẹ̀ ló sì ṣe wọ́n. Ní Igbó Olókun pẹ̀lú, wọ́n rí ìkòkò tí àwọn ará Ifẹ̀ fi ń yọ́ gíláàsì fún ìlẹ̀kẹ̀.

Àwa ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ mọ bí ìlú ṣe ń di ahoro. Ọ̀yọ́-Ilé tú láàrin 1830 sí 1840, igbó sì bo odi rẹ̀. Ṣé àwọn ará ibẹ̀ wọ inú òkun ni? Rárá o. Àgọ́-Ọ̀jà tí Aláàfin Àtìbà tẹ̀dó sí ló di Ọ̀yọ́ òní. Ọ̀pọ̀ tí ogun lé kúrò nílé sì sá di Ògbómọ̀ṣọ́. Odi wó, ìran kò parun. Ẹni tó bá ń wá àwọn tó mọ odi náà, kó wá wo orí bẹ́ǹṣì ìpàdé wa!

Ní Áténì kan náà ni Pọ́ọ̀lù ti wàásù pé láti orísun kan ni Ọlọ́run ti dá gbogbo ènìyàn. Ìwé Ẹ́kísódù sì fi hàn pé àwọn obìnrin ọlọ́gbọ́n fi ọwọ́ ara wọn rànwú fún àgọ́ Olúwa. Ọlọ́run ló ń fi ọgbọ́n sí ọwọ́ ènìyàn. Ẹni tó bá ní irú wa kò lè ṣe é, ẹ̀bùn Ọlọ́run ló ń bù kù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ ara wa wò. Mélòó nínú àwọn ọmọbìnrin wa ló mọ bí a ṣe ń hun kíjìpá? Mélòó ló lè ki oríkì ilé baba rẹ̀? Òkun kọ́ ló ń bo ìwọ̀nyí mọ́lẹ̀, ẹnu àwa ìyá tó dákẹ́ ni. Ohun tí a kò bá sọ fún ọmọ wa, àlejò ni yóò sọ ọ́ fún wọn, bó bá ṣe wù ú.

Nítorí náà, kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé, kí olúkúlùkù wa jókòó ti ìyá àgbà kan, kí ó kọ ohun tó mọ̀ sílẹ̀, kí ó sì kà á fún àwọn ọmọ ilé.

Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí ẹ̀bùn tó fi sọ́wọ́ wa bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Àmín.