Àṣírí Ilé, Ẹ̀bi Òyìnbó

Ní ọjà Dakar, ní ìlú Douala, ni mo ti ra àlòkù ìwé kan, La Saison de l'ombre, tí Léonora Miano, ọmọ bíbí Douala, fi gba ẹ̀bùn Femina ní ọdún 2013. Obìnrin tí ó tà á fún mi ti kà á, inú sì ń bí i. Ó ní, 'Papa, kí ló dé tí ó fi ń tú àṣírí wa fún òyìnbó?'

Nínú ìtàn náà, iná jó abúlé Mulongo, ọkùnrin méjìlá sì di àwátì. Àwọn Bwele, aládùúgbò wọn, ni ó kó wọn tà fún ará etí òkun. Agbára káká ni òyìnbó fi yọjú.

Ìbínú obìnrin yìí kì í ṣe ti òpè. Àwọn kan ń fi irú ìtàn báyìí dá òyìnbó láre. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi kì í ṣe ẹran tí a ń pín, tí ti ẹnì kan yóò dínkù bí ti ẹlòmíràn bá pọ̀. Yorùbá ni mo rántí. Nínú Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ (1970), ìkà obìnrin kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wa ń rí. Ogun wo ni ó kó àwọn ẹrú rẹ̀ wọ Ìbàdàn? Àwọn ilé wo ni ó jẹ èrè ogun náà? Ilé tí a bí bàbá mi sí wà lára wọn.

Mo sọ èyí fún un. Ó bi mí bóyá mo ti sọ ọ́ nílé rí. N kò tíì sọ ọ́.