Ta Ló Yẹ Kó Di Kọ́kọ́rọ́ Màmá Mú?



Ní ọjọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn tí a ti bọ Ọ̀ṣun tán ní Peckham níbí, màmá kan nínú ilé wa fà mí sí kọ̀rọ̀. Wọ́n fi bébà kékeré kan lé mi lọ́wọ́.

"Ìyálóòṣà, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀. Páásíwọ́ọ̀dù mi ni. Ẹ̀yin lẹ mọ odù mi, kí ló tún kù tí mo fẹ́ fi pamọ́ fún yín?"

Mi ò gbà á. Ojú wọn yí padà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé: tí ẹnì kan bá fọkàn tán mi, tí mo ní kó má sọ àṣírí ẹ̀ fún mi, ṣé mo ràn án lọ́wọ́ ni, àbí mo lé e sẹ́yìn?

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ọ̀pọ̀ wa tó wá gbé ní ìlú yìí ló ní káàdì BRP tẹ́lẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú káàdì náà ni ọjọ́ wọn pé ní 31 December 2024. eVisa ló rọ́pò wọn. Ẹ̀rí pé o lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé, láti ṣiṣẹ́, láti gba ilé, kò sí nínú pọ́ọ̀sì mọ́. Inú àkáǹtì UKVI ló wà. Tí onílé bá béèrè, wàá wọ àkáǹtì, wàá gba share code tó ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 90, wàá fi ránṣẹ́ sí i. Kó tó jẹ́ kí o wọlé, ó máa fi kóòdù ránṣẹ́ sí fóònù tàbí ímeèlì.

Màmá ò mọ̀ ọ́n lò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń báni kọ fọ́ọ̀mù ló bá wọn ṣí i, wọ́n sì sanwó. Kó lè yá, ímeèlì ara ẹ̀ àti nọ́ńbà ara ẹ̀ ló fi sí i. Kì í ṣe olè. Ṣùgbọ́n ó kó lọ sí ìlú míì, nọ́ńbà náà ò sì lọ mọ́. Nígbà tí Màmá fẹ́ gba ilé tuntun, kóòdù ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tí a ò rí. Wọ́n wà láàyè, orúkọ wọn wà lọ́dọ̀ ìjọba, àmọ́ wọn ò lè wọ ibi tí orúkọ ara wọn wà. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ la fi kọ̀wé, tí a fi dúró, kí àkáǹtì náà tó padà bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá ẹni tí kò ní sá lọ.

Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ẹ̀kọ́ anthropology tí mo kà kò yàtọ̀ sí ohun tí a ń rí níbi ìkómọ: èèyàn kì í dá nìkan di èèyàn. Bàbá á sọ ọmọ lórúkọ, ìyá àgbà náà á sọ ọ́, ará ilé á dá sí i. Kọ̀ǹpútà ni kò mọ agbo ilé. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀.

Àmọ́ agbo ilé pàápàá ní yàrá, yàrá sì ní ilẹ̀kùn. A kì í pariwo odù ẹni lọ́jà, kò sì sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní ìkórìíra. Páásíwọ́ọ̀dù náà, àjọlò ló gbé e wọ orí kọ̀ǹpútà. Ní MIT ní Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣètò kọ̀ǹpútà kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò pọ̀. Torí pé wọ́n jọ ń lò ó ni kálukú fi nílò ilẹ̀kùn tirẹ̀. Ní 1962, akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀ ti tẹ gbogbo páásíwọ́ọ̀dù wọn jáde sórí bébà, kó lè rí àkókò sí i lò lórí ẹ̀rọ náà. Ẹ ò rí i pé ará ilé ló kọ́kọ́ ṣí i!

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni agbára tèmi. Mo mọ odù Màmá, mo mọ èèwọ̀ wọn. Tí mo bá tún di ìwé ìgbéèlú wọn mú, lọ́jọ́ tí mo bá ṣẹ̀ wọ́n, ṣé wọ́n á lè dìde kúrò nílé mi? Ìyálóòṣà tí ọmọ ilé ẹ̀ ò lè fi sílẹ̀ ti kúrò ní ìyá, ó ti di ọ̀gá.

Ṣùgbọ́n kí n kàn kọ̀ kí n sì máa lọ, ìyẹn náà ò dáa. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a jókòó pọ̀. Ímeèlì tiwọn, nọ́ńbà tiwọn, ìka tiwọn lórí fóònù. Àjọ NCSC, tó ń rí sí ààbò íntánẹ́ẹ̀tì ní Britain, gbà wá nímọ̀ràn pé kí a so ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí kò bára tan pọ̀. Màmá mú mẹ́ta tiwọn. Mo kọjú sí ògiri. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ láti lọ fi sínú àpótí nílé. Ó pẹ́ gan-an, ó sì sú wa díẹ̀.

Nígbà tí a parí, wọ́n ní, "Tí n bá wá ṣàìsàn ńkọ́?"

Mo ní kí wọ́n yan ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn, kí wọ́n sọ ibi tí àpótí wà fún un. Wọ́n ní àwọn á rò ó. Títí di òní, wọn ò tíì sọ ẹni tí wọ́n yàn fún mi. Èmi náà ò béèrè.