Ta Ni O Fẹ́ Gbé Ẹrù Ilé Rẹ Lé Lọ́wọ́?

 

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lóṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọjà létí ẹlòmíràn: bí a ṣe ń yan ẹni tí yóò bá wa kó ẹrù nígbà tí a bá ń kó láti ilé kan lọ sí òmíràn. Ṣùgbọ́n ta ni kì í kó nínú wa? Iṣẹ́ gbé arákùnrin lọ sí ìlú mìíràn; wọ́n so yìgì arábìnrin, ẹrù rẹ̀ ń lọ sílé ọkọ; onílé fi owó lé owó. Lọ́jọ́ náà, gbogbo ohun tí o ti ń kó jọ láti ọdún yìí wá yóò wà lẹ́yìn ọkọ̀ ẹni tí o kò mọ̀ rí.

Ó ti ṣe èmi náà rí. Nígbà tí mo ń kó láti Mushin lọ sí Ìkòròdú, mo rí awakọ̀ dáínà kan tí ó dé fìlà, tẹ̀sùbáà sì ń fì níwájú ọkọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Àlùfáà, ẹ̀yin ni mo fọkàn tán." N kò bèèrè ibi tí ó ń gbé, a kò sì dá owó. Ó ní, "Ọmọ ìyá ni wá, a ó yanjú ẹ̀." Ní ìdajì ọ̀nà, ó dá ọkọ̀ dúró. Ó ní ẹrù náà pọ̀ ju bí òun ṣe rò lọ, àti pé òun kò mọ̀ pé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni à ń gbé e lọ. Ilẹ̀ ń ṣú, ẹrù mi sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo san án. Nígbà tí a já ẹrù tán, àpò kan dín. N kò lè sọ pé òun ló mú un, nítorí n kò ka ẹrù náà kí a tó gbéra.

Ẹ jẹ́ kí á wo Súrà Al-Qasas. Nígbà tí Ànábì Músà dé Mádíyánà, ó bá àwọn ọmọbìnrin méjì fún ẹran wọn lómi. Ní áyà 26, ọ̀kan nínú wọn gba bàbá wọn nímọ̀ràn pé kí ó gbà á síṣẹ́, nítorí ó lágbára, ó sì ṣeé fọkàn tán. Ẹ kíyè sí i pé ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ ọwọ́ Músà kí ó tó sọ̀rọ̀. Méjèèjì ni a ń wá pọ̀. Olóòótọ́ tí kò mọ bí a ṣe ń de ẹrù yóò fi ọkàn mímọ́ fọ́ jígí rẹ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n dè tí kò bẹ̀rù Ọlọ́hun, òun ni yóò tètè mọ èyí tó níye lórí nínú ẹrù rẹ. Lẹ́yìn náà bàbá náà dá iye ọdún iṣẹ́: mẹ́jọ, bí Músà bá sì fẹ́ ṣe é pé mẹ́wàá, ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Músà gbà, ó sì fi Ọlọ́hun ṣe ẹlẹ́rìí. Kò sí "a ó yanjú ẹ̀" níbẹ̀.

Ní ti fìlà àti tẹ̀sùbáà, ẹ rántí híjírà ní ọdún 622. Ẹni tí Ànábì (S.A.W.) àti Abu Bakr háyà láti fọ̀nà hàn wọ́n, Abdullah ọmọ Urayqit, kì í ṣe Mùsùlùmí, ẹ̀sìn àwọn Kùráéṣì ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀nà aṣálẹ̀ bí ẹni mowó, wọ́n sì fọkàn tán an. Wọ́n fa ràkúnmí méjèèjì lé e lọ́wọ́, wọ́n sì dá ọjọ́ fún un: lẹ́yìn òru mẹ́ta, níbi ihò òkè Thawr. Ọgọ́rùn-ún ràkúnmí ni àwọn Kùráéṣì fẹ́ fún ẹni tó bá mú Ànábì wá. Ọkùnrin yìí mọ ibi tí wọ́n wà. Ó dé lọ́jọ́ àdéhùn, ó sì mú wọn gba ọ̀nà etí òkun. (N kò sọ pé kí á fi Mùsùlùmí sílẹ̀ o. Mo ní kí á wádìí òun náà bí a ó ti wádìí ẹlòmíràn.)

Bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó ti bá kó ẹrù rí, kì í ṣe lọ́wọ́ alágbàtà tó ń jẹ lára rẹ̀. Jẹ́ kí ó wá wo ẹrù àti ilé méjèèjì kí ó tó dá owó. Kọ ọ́ sílẹ̀. Áyà tó gùn jù nínú Àlùkùránì, Súrà Bákárà 282, orí kíkọ gbèsè sílẹ̀ ló dá lé. Ka ẹrù, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kí o sì ya àwòrán nọ́ńbà ọkọ̀. Ìwé ẹ̀rí àti wúrà, ọwọ́ ara rẹ ni kí wọ́n wà.

Má sì san gbogbo owó tán. Nínú Risala tí ọ̀pọ̀ wa kà ní ilé kéwú, Ibn Abi Zayd al-Qayrawani, tí ó kú ní ọdún 996, sọ pé ọlọ́kọ̀ ojú omi kò ní ẹ̀tọ́ sí owó ọkọ̀ àfi bí ó bá gúnlẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ó ti sọ pé kò sí ìtanràn lórí ọlọ́kọ̀ náà. Nítorí náà, ohun tó lè fọ́, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ dì í dáadáa.

Àwa náà ní tiwa láti ṣe. Má ṣe fi jẹnẹrétọ̀ tí epo wà nínú rẹ̀ pamọ́ sáàárín ẹrù láìsọ. Má pe ẹrù ọkọ̀ méjì ní ti ọkọ̀ kan. Hádíìsì tí Ibn Majah gbà wá sọ pé kí á san owó alágbàṣe kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. "Padà wá lọ́la" kò sí nínú rẹ̀. Nígbà tí Ànábì (S.A.W.) sì ń kúrò ní Mákà, ó fi Aliyu sílẹ̀ kí ó dá ohun tí àwọn ènìyàn fi pamọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ padà fún wọn. Kí ọkọ̀ tó gbéra, dá ọmọ odó aládùúgbò padà, kí o sì san owó iná tó kù lọ́rùn rẹ.