Awòran Kì í Ṣolè

Bí ará Ọ̀rányàn n'Ìbàdàn bá ti ilé ìtajà ńlá Ring Road dé, kì í kọ́kọ́ ròyìn ọjà tó rà. Òtútù ló máa ń ròyìn. Á ní ẹ̀rọ ibẹ̀ ń fẹ́ bí ọyẹ́, á ní ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán débi pé èèyàn lè wojú nínú ẹ̀, á ní òórùn búrẹ́dì ń ta sánsán. Lẹ́yìn náà ni yóò wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ṣùgbọ́n wọn kì í kíni o."

Palms ni orúkọ ibẹ̀. Ti Lẹ́kí l'Ékòó ló kọ́kọ́ dé ní 2005, ti Ìbàdàn tẹ̀lé e ní 2014. Ọ̀pọ̀ wa ò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Shoprite la ń pe gbogbo ọgbà náà, àfi bí ẹni pé ìsọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa l'Ọ́rányàn níbí, takisí Mícrà á gba Ìdí Arẹrẹ já sí Mọ́lété, èèyàn á sì wọ òmíràn. Ọ̀nà náà ò jìn rárá. Síbẹ̀, mo mọ abilékọ tó máa ń wẹ̀, tó máa ń pààrọ̀ aṣọ, tó sì máa ń wá bàtà òde wọ̀ kó tó lọ ra mílíìkì níbẹ̀, mílíìkì tí ì bá fi sálúbàtà rà nísàlẹ̀ Màpó.

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láyé ilé ìtajà Kingsway ní Dùgbẹ̀, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì làwọn míì ń gbé wọ̀ lọ síbẹ̀. Dùgbẹ̀ yìí náà ni Cocoa House ti dìde ní 1965, ilé àwòṣífìlà alájà 26, tí Cocoa Mall wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lónìí. Owó kòkó ló gbé ilé náà dúró. Mo máa ń rò ó pé ká ní àgbẹ̀ tó gbin kòkó ọ̀hún gbé ṣòkòtò oko wọ̀, tó ní òun fẹ́ wo ibi tí òógùn òun wọlé sí, ojú wo ni aṣọ́nà yóò fi wò ó?

Ìdí nìyẹn tí n kì í fẹ́ báwọn kan ṣe ń fi "ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀" gbe ìwà wọn lẹ́sẹ̀. Bí ayé ṣe rí ni òwe náà ń sọ. Kò ní kí ọmọlúàbí máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Nínú ọ̀kan lára àwọn ilé ìtajà báyìí, mo rí bàbá arúgbó kan tó wọ àǹkárá tó ti ṣá, tó di náílọ́ọ̀nù kan mọ́ abíyá. Ó ń gbé agolo kọ̀ọ̀kan, ó ń na ọwọ́ síwájú kó lè rí iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ó sì ń dá a padà jẹ́jẹ́ síbi tó ti mú un. Ọmọkùnrin aṣọ́nà kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí bàbá bá sún, òun náà á sún. Nígbà tó yá, ó ní, "Baba, kí lẹ fẹ́ rà?" Kò sí "ẹ pẹ̀lẹ́," kò sí "ẹ káàbọ̀." Bàbá rẹ́rìn-ín: "Mò ń wò ó ni, ọmọ mi." Ọmọ náà ò padà lẹ́yìn rẹ̀.

Mo mọ̀ pé wọ́n ń ja àwọn ilé ìtajà lólè, mo sì mọ̀ pé owó oṣù aṣọ́nà lè lọ sí i bí ọjà bá sọnù. Àwa oníbàárà náà ò mọ́. Ọmọ á mu jùsì tí wọn ò tíì sanwó rẹ̀, ìyá rẹ̀ á sì fi páálí òfìfo pamọ́ sẹ́yìn àwọn tó kù. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ lè wọ léèsì. Àǹkárá tó ṣá ò sọ ẹnikẹ́ni di olè.

Kí ará Ọjà'ba nísàlẹ̀ Màpó má tíì pàtẹ́wọ́ o. Lóòótọ́, bí a ṣe ń kíni níbẹ̀ lè mú kí èèyàn ra ohun tí kò torí ẹ̀ wá. "Ẹ káàbọ̀, oníbàárà mi, ẹ wá bá mi ná án." Ṣùgbọ́n tú aṣọ wò, kí o má rà á. Òṣé tí wọ́n máa pa tẹ̀lé ọ á sìn ọ́ dé Bẹẹrẹ. Àlejò tí ohùn rẹ̀ bá sì jọ ti ará òkè òkun, kó múra láti san ìlọ́po méjì. Ti kọ́ńgò ló wá burú jù: ìdí tí wọ́n ti fi òòlù lù wọnú, tí èlùbọ́ á fi rí gegele lójú, tí kò ní pọ̀ nílé. Níbi olótùútù, iye kan náà ni wọ́n kọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n àti alágbàfọ̀. (Àmọ́, ẹ máa yẹ rìsíìtì yín wò, nítorí iye orí pákó àti iye ẹnu ẹ̀rọ kì í fi gbogbo ìgbà bára mu.)

N ò ka ìdúnàádúrà sí ìrẹ́jẹ. Mo ti rí ẹlẹ́lùbọ́ tó wo ojú ìyá kan, tó rí i pé nǹkan ò lọ déédéé, tó dín owó fún un láìjẹ́ kó bẹ̀bẹ̀, tó tún bu èènì lé e. Ẹ̀rọ ìgbowó ò lè ṣèyẹn láyé. Ọmọlúàbí rèé. Ẹlẹ́lùbọ́ yìí kan náà sì lè fi kọ́ńgò ọ̀hún wọn fún àlejò lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Àwọn àlejò tó ń ti ìgboro olówó wá bá wa náà wà. Wọ́n á gun Òkè Màpó, wọ́n á ya gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929, wọ́n á wá kọ fóònù sí òrùlé wa tó dípẹtà. Ẹlòmíì á ya arúgbó tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ láìní "ẹ kú ìjókòó, mà." Ojú tí aṣọ́nà fi wo bàbá aláǹkárá lòun náà fi wò wá, àfi pé òun ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tí ẹ ni ilé ìtajà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ àwọn aṣọ́nà yín kí wọ́n máa kí àgbà kí wọ́n tó bi í ní ìbéèrè. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ya òrùlé wa, ẹ kọ́kọ́ kí onílé. Ẹ̀yin ìyá wa l'Ọ́jà'ba, mo dọ̀bálẹ̀, ẹ bá wa lu ìdí kọ́ńgò yẹn jáde.